Ta Ni ‘Yín’ Tó Wà Nínú Jeremáyà 29:11?

Ẹsẹ Bíbélì kan wà tí wọ́n máa ń kọ sára kéèkì ìkẹ́kọ̀ọ́gboyè, tí wọ́n máa ń tẹ̀ sára kálẹ́ńdà ìjọ, tó sì máa ń kún orí WhatsApp láàárọ̀ ọjọ́ kìn-ín-ní ọdún. Jeremáyà 29:11 ni. Ọlọ́run ní òun mọ èrò tí òun rò sí yín, èrò àlàáfíà ni, kì í ṣe ti ibi, láti fún yín ní ìgbà ìkẹyìn àti ìrètí. Orí ẹsẹ yìí ni ọ̀pọ̀ onígbàgbọ́ gbé ìgbàgbọ́ mìíràn kà, èyí tó lọ báyìí: kí wọ́n tó bí mi ni Ọlọ́run ti ya iṣẹ́ kan ṣoṣo sọ́tọ̀ fún mi, pẹ̀lú ọkọ tàbí aya kan ṣoṣo, ó fi í pamọ́, èmi ni kí n fi ààwẹ̀, ìran àti wòlíì wá a rí, bí mo bá ṣì í, mo ti pàdánù ògo mi nìyẹn.

Apá kan nínú rẹ̀ jóòótọ́, ohun tó sì mú un ṣòroó tú palẹ̀ nìyẹn. Bíbélì sọ pé Ọlọ́run ní ète, ó sì sọ pé ènìyàn kì í ṣe èèṣì láyé. Ibi tí ọ̀rọ̀ ti wọ́ ni ‘kan ṣoṣo’, ‘ó fi í pamọ́’ àti ‘bí mo bá ṣì í’. Kò sí ìkankan nínú mẹ́tẹ̀ẹ̀ta tó wà nínú Jeremáyà 29.

Lẹ́tà ni orí náà. Ní ọdún 597 ṣáájú ìbí Krístì, Nebukadinésárì kó ọba Júdà, Jehoiákínì tí lẹ́tà náà pè ní Jekonáyà, lọ sí Bábílónì, òun àti ìyá rẹ̀, àwọn ìjòyè, àwọn oníṣẹ́ ọnà àti àwọn alágbẹ̀dẹ. Jeremáyà wà ní Jerúsálẹ́mù ní tirẹ̀. Ó kọ̀wé, ó sì fi rán Élásà àti Gemaráyà, àwọn ìránṣẹ́ tí ọba Sedekáyà ń rán lọ sí Bábílónì. Ẹsẹ kìn-ín-ní sọ ẹni tó ni lẹ́tà: àwọn àgbààgbà tó kù nínú ìgbèkùn, àwọn àlùfáà, àwọn wòlíì, àti gbogbo ènìyàn. Àwọn ni ‘yín’.

Àwa tí à ń ka Bíbélì Yorùbá ló yẹ kí èyí tètè hàn sí. Gẹ̀ẹ́sì òde òní kò ya ẹnì kan sọ́tọ̀ kúrò lára ọ̀pọ̀ nínú ọ̀rọ̀ yìí, nítorí náà ẹni tó ń kà á ní Gẹ̀ẹ́sì lè rò pé òun nìkan ni wọ́n ń bá wí. Bíbélì wa kọ ‘yín’. Ohun tó wá ń dà á rú fún wa ni pé ‘yín’ tún jẹ́ ti ọ̀wọ̀, ẹni tó bá jókòó ti Bíbélì rẹ̀ ní yàrá sì lè gbà á bí ẹni pé Ọlọ́run ń pọ́n òun lé. Ọlọ́run inú Bíbélì Yorùbá kì í bá ẹnikẹ́ni sọ̀rọ̀ bẹ́ẹ̀. Nígbà tó ń bá Jeremáyà nìkan sọ̀rọ̀ ní orí 1:5, ‘ọ’ ló lò: kó tó dá a nínú ìyá rẹ̀ ló ti mọ̀ ọ́n, ó sì fi í ṣe wòlíì fún àwọn orílẹ̀-èdè. Àwọn oníwàásù máa ń so ẹsẹ méjèèjì pọ̀ bí ẹni so okùn, bẹ́ẹ̀ iṣẹ́ ẹnì kan ni ti àkọ́kọ́, ìrètí odindi orílẹ̀-èdè ni ti èkejì.

Kí wá ni lẹ́tà náà ní kí wọ́n ṣe? Ẹsẹ 5 sí 7 dáhùn: ẹ kọ́ ilé kí ẹ máa gbé inú rẹ̀, ẹ gbin ọgbà kí ẹ máa jẹ èso rẹ̀, ẹ fẹ́ ìyàwó, ẹ bí ọmọ, ẹ fún àwọn ọmọ yín náà ní ọkọ àti aya, ẹ wá àlàáfíà ìlú tí wọ́n kó yín lọ, kí ẹ sì máa gbàdúrà fún un, torí inú àlàáfíà rẹ̀ ni ẹ̀yin náà yóò ti rí àlàáfíà. Ọ̀rọ̀ kan náà, àlàáfíà, ló tún padà wá ní ẹsẹ 11. Ẹni tó bá bẹ̀rẹ̀ kíkà láti ẹsẹ 11 kò lè mọ̀ pé àlàáfíà tí wọ́n ń sọ ní ilẹ̀kùn tí wọ́n ń gbà wọ inú rẹ̀, àti pé ilẹ̀kùn náà ni ilé kíkọ́, oko ríro, ọmọ títọ́ àti ìlú ẹlòmíràn tí ènìyàn ń tún ṣe. Kò sí ohun ìjìnlẹ̀ kankan níbẹ̀.

Ẹsẹ 8 wá jẹ́ èyí tó yẹ kí ó dá gbogbo wa dúró. Ẹsẹ mẹ́ta péré ṣáájú èyí tí à ń kọ sára kéèkì, Ọlọ́run ní kí wọ́n má jẹ́ kí àwọn wòlíì àti àwọn aláfọ̀ṣẹ tó wà láàárín wọn tàn wọ́n jẹ, kí wọ́n má sì fetí sí àlá tí wọ́n ń lá. Ẹsẹ tí a fi ń wá wòlíì kiri ni Ọlọ́run fi ìkìlọ̀ nípa wòlíì ṣíwájú rẹ̀.

Ìkìlọ̀ náà nídìí. Nínú orí 28, Hananáyà ọmọ Ásúrì, ará Gíbíónì, ti dúró nínú tẹ́ńpìlì ní oṣù karùn-ún, ó ní láàárín ọdún 2 ni ọba àti gbogbo ìgbèkùn yóò padà wálé. Ó bọ́ àjàgà igi, àmì ìsìnrú lábẹ́ Bábílónì, kúrò lọ́rùn Jeremáyà, ó sì ṣẹ́ ẹ. Ojú gbogbo ènìyàn ló ti ṣe é. Ní oṣù keje ọdún náà, Hananáyà kú. Jeremáyà ní tirẹ̀ sọ ọdún 70 nínú ẹsẹ 10. Ẹ jẹ́ ká ṣírò rẹ̀: ẹni tó jẹ́ ọmọ 30 ọdún nígbà tí wọ́n kó o lọ ní 597 yóò ti di ẹni 89 nígbà tí Kírúsì ọba Páṣíà fún àwọn Júù láyè láti padà ní 538. Púpọ̀ nínú àwọn tí wọ́n ka lẹ́tà yẹn sí létí kú sí Bábílónì. Bí ẹsẹ 11 bá jẹ́ ìlérí pé ayé ẹnì kọ̀ọ̀kan yóò dára kó tó kú, á jẹ́ pé ó ti kùnà lára àwọn tó ni ín gan-an. Ọkùnrin kan tó ń jẹ́ Ṣemáyà tilẹ̀ kọ̀wé láti Bábílónì pé kí wọ́n ti Jeremáyà mọ́ àbà, torí ó ń sọ pé ìgbèkùn yóò pẹ́, kí wọ́n kọ́lé.

Wọ́n ṣe ohun tí lẹ́tà náà wí, ẹ̀rí sì wà. Wàláà amọ̀ tí wọ́n rí ní Ìráàkì, láti ibi tí wọ́n ń pè ní Al-Yahudu, ìyẹn ìlú àwọn ará Júdà, wà láti ọdún 572 títí dé 477 ṣáájú Krístì. Ohun tó wà lára wọn ni ilẹ̀ tí wọ́n gbà ro, gbèsè, owó orí, àdéhùn ìgbéyàwó. Ọdún 61 lẹ́yìn tí Kírúsì ti ní kí wọ́n máa lọ, àwọn kan ṣì ń dáko níbẹ̀.

Níbo ni ‘kan ṣoṣo tó pamọ́’ ti wá?

Bí kò bá sí nínú Jeremáyà, kò ṣòro fún Yorùbá láti mọ ibi tó ti wá. A kúnlẹ̀ a yan ẹ̀dá, a dáyé tán ojú ń kán wa. Nínú ìtàn Ifá, Oríṣẹ̀ẹ́kú, Oríléémèrè àti Afùwàpẹ́ lọ sílé Àjàlá tó ń mọ orí, kí oníkálukú lọ yan tirẹ̀. Àwọn méjì àkọ́kọ́ yan èyí tó dán lójú, òjò sì bà á jẹ́ lọ́nà ayé. Ìpín ti wà nílẹ̀, ẹni tó yàn án ti gbàgbé, Ọ̀rúnmìlà ẹlẹ́rìí ìpín ló sì mọ̀ ọ́n, nítorí náà a gbọ́dọ̀ lọ béèrè. Ẹ fi wòlíì sí ipò babaláwo, ẹ fi ‘ète Ọlọ́run’ sí ipò orí, ẹ óò rí i pé ìgbàgbọ́ tí à ń sọ yìí kò yí padà rárá, aṣọ ló pààrọ̀. Ọ̀rọ̀ ‘ìràwọ̀ mi’, ‘wọ́n ti gba ògo mi’, ‘egungun ìhà mi gan-an’ kò jìnnà síbẹ̀. Mi ò sọ èyí láti bú ẹ̀sìn ìbílẹ̀. Ifá gan-an kò sọ ọ́ ní ṣákálá bẹ́ẹ̀, torí ó ní ipò fún ẹbọ, fún ìwà àti fún ẹsẹ̀ tí ènìyàn fi ń rìn. Ohun tí wọ́n ń wàásù nínú àwọn ìjọ mìíràn le ju ti Ifá lọ: orí tí kò ní àtúnṣe.

Ọ̀rọ̀ ‘ìpè’ náà ní ẹ̀bi tirẹ̀. Lédè ìjọ wa, bí ẹnì kan bá ní ‘Ọlọ́run pè mí’, pásítọ̀ ló fẹ́ ṣe, kò sẹ́ni tó máa rò pé iṣẹ́ wẹ́dà ni. Bẹ́ẹ̀ náà ló rí ní Yúróòpù ayé àtijọ́, àwọn àlùfáà àti àwọn tó wà ní ilé àwọn ajẹ́jẹ̀ẹ́ ẹ̀sìn nìkan ni wọ́n gbà pé Ọlọ́run pè. Ní 1520, Martin Luther kọ̀wé sí àwọn ìjòyè Jámánì pé ìrìbọmi ti sọ gbogbo onígbàgbọ́ di àlùfáà, pé oníbàtà, alágbẹ̀dẹ àti àgbẹ̀ ní ipò àti iṣẹ́ tiwọn tí wọ́n fi gbọ́dọ̀ wúlò fún ọmọnìkejì. Ẹ fi ìyẹn wo ẹni tó ń jó irin àgbá epo: bí ó bá mọ̀ pé ojú ibi tí òun lẹ̀ ń jò, tó fi ọ̀dà bò ó, kò sí ààwẹ̀ ọjọ́ 21 tó lè mú ète Ọlọ́run ṣẹ lọ́jọ́ yẹn.

Róòmù 8:28, tí wọ́n tún máa ń fi gbe Jeremáyà lẹ́sẹ̀, sọ nípa àwọn tí a pè gẹ́gẹ́ bí ìpinnu rẹ̀. Ìpinnu tirẹ̀ ni, kì í ṣe tèmi. Ẹsẹ 29 sì sọ ohun tí ìpinnu náà jẹ́: kí wọ́n lè jọ Ọmọ rẹ̀. Ibòmíràn tí Májẹ̀mú Tuntun ti là á mọ́lẹ̀ pé ìfẹ́ Ọlọ́run rèé: ìwà mímọ́ àti yíyàgò fún àgbèrè (1 Tẹsalóníkà 4:3), ìdúpẹ́ (5:18), ṣíṣe rere (1 Pétérù 2:15). Wọn ò pamọ́. Ó kàn jẹ́ pé wọn ò dùn ún sọ bí ìran ni.

Lórí iṣẹ́, ìlú àti ìgbéyàwó, àyè tí Bíbélì fi sílẹ̀ gbòòrò ju bí a ti rò lọ. Pọ́ọ̀lù sọ fún opó pé ó lè fẹ́ ẹni tó bá wù ú, kó ṣáà jẹ́ nínú Olúwa (1 Kọ́ríńtì 7:39). Nígbà tó ń ṣètò ìrìnàjò rẹ̀ nínú orí 16 ìwé kan náà, ‘bóyá’ ló ń sọ. Ó kọ sí àwọn ará Róòmù pé Spéìn ni òun ń lọ. Ní Kọ́ríńtì, ọdún kan àti oṣù 6 ló fi gbé, ó ń pa àgọ́ pẹ̀lú Ákúílà àti Pírísílà, ó sì ń wàásù. Ìran wà nínú ayé rẹ̀ lóòótọ́, ti ará Makedóníà nínú Ìṣe 16, ṣùgbọ́n ojú ọ̀nà ló wà nígbà tó rí i, lẹ́yìn tí ọ̀nà méjì ti dí mọ́ ọn.

Èyí fẹ́rẹ̀ẹ́ jẹ́ ìlànà. Èlíṣà ń fi àjàgà màlúù 12 túlẹ̀ nígbà tí Èlíjà ju agbádá rẹ̀ lé e. Mósè wà nídìí àgùntàn, Mátíù wà nídìí owó orí. Nílẹ̀ tiwa, Joseph Ayọ̀ Babalọlá ń wa ẹ̀rọ tí wọ́n fi ń tẹ títì fún ìjọba nígbà tó gbọ́ ìpè rẹ̀ ní 1928. Àwọn tó ń fi ìtàn rẹ̀ sọ pé kí ọ̀dọ́ fiṣẹ́ sílẹ̀ lọ dúró de ohùn lórí òkè kò wo ibi tí ohùn náà ti bá a.

Àmì tó máa ń tan ènìyàn

Mẹ́ta ló wọ́pọ̀ jù. Àkọ́kọ́ ni ‘ọkàn mi balẹ̀ sí i’, èkejì ni ‘ilẹ̀kùn ṣí’. Jónà ní méjèèjì. Ó dé Jópà, ó bá ọkọ̀ tó ń lọ Táṣíṣì ní èbúté, owó ọkọ̀ wà lọ́wọ́ rẹ̀, ó wọlé, ó sùn fọnfọn nínú ìjì. Ọ̀nà òdì ló ń lọ. Jésù ní tirẹ̀ wà nínú ìrora ọkàn ní Gẹtisémánì, ọ̀nà tó tọ́ ló sì ń tọ̀. Ìbàlẹ̀ ọkàn lè jẹ́ èso ìgbọràn, ó sì lè jẹ́ ti ẹni tó ti sá kúrò níbi ìṣòro.

Ẹ̀kẹta ni irun àgùntàn Gídíónì: ‘Olúwa, bí ẹni yìí bá pè mí kí aago mẹ́jọ tó lù, òun ni ọkọ mi.’ Àwọn Onídàájọ́ 6:36 fi hàn pé Ọlọ́run ti sọ ohun tí Gídíónì máa ṣe fún un tẹ́lẹ̀. Ìbẹ̀rù ló mú un béèrè àmì, kì í ṣe àìmọ̀. Èyí tó burú nínú irú ìdánwò bẹ́ẹ̀ ni pé àwa fúnra wa la ń pinnu ohun tí ìdáhùn máa túmọ̀ sí, tó bá sì já sí òdì, a máa ń tún un dá.

Báwo ni ènìyàn ṣe wá ń pinnu?

Ẹ jẹ́ ká mú ẹni tó ń parí iṣẹ́ àgùnbánirọ̀, ọmọ ọdún 24. Ilé ìwé kan fẹ́ gbà á ṣe olùkọ́, ẹ̀gbọ́n bàbá rẹ̀ sì ní kó wá máa bá òun tajà ní Èkó. Ó ti gbààwẹ̀ lẹ́ẹ̀mejì, kò rí nǹkan kan.

Kó kọ́kọ́ wò ó bóyá ẹ̀ṣẹ̀ wà nínú èyíkéyìí. Bí ọjà ẹ̀gbọ́n bàbá bá jẹ́ ayédèrú oògùn, ọ̀rọ̀ ti parí, kò sí ohun tó ń gbàdúrà sí mọ́. Bí kò bá sí, kó ka gbèsè ọrùn rẹ̀: ìyá tó ń ṣàìsàn, àbúrò tó wà nílé ìwé, owó tó yá. 1 Tímótì 5:8 kò rí ẹni tó pa ará ilé rẹ̀ tì bí onígbàgbọ́. Ọ̀pọ̀ ‘ète’ tí wọ́n ń wá lókè ló ti jókòó sínú ilé.

Lẹ́yìn náà ni ìṣirò, Lúùkù 14:28, ẹni tó fẹ́ kọ́ ilé ìṣọ́ a kọ́kọ́ jókòó ṣírò owó. Bí owó oṣù olùkọ́ bá jẹ́ 80,000 náírà, tí ilé àti ọkọ̀ bá gbé 55,000, 25,000 ló kù fún oúnjẹ àti ìyá rẹ̀. Ṣé ó tó? Bí kò bá tó, ṣé iṣẹ́ kékeré kan wà tó lè fi tì í? Ibi tí àwọn ọ̀dọ́ ti ń ṣubú jù nìyí. Wọ́n á ní ìgbàgbọ́ ni, wọ́n á fò ó, oṣù mẹ́rin lẹ́yìn náà wọ́n á wà nínú gbèsè, wọ́n á wá ní èṣù ló ń bá àyànmọ́ àwọn jà.

Kó wá ènìyàn mẹ́ta bá sọ̀rọ̀: ẹnì kan tó ti ṣe iṣẹ́ náà pẹ́, ẹnì kan tó mọ àléébù rẹ̀ dáadáa, àti ẹnì kan tí kò ní jèrè nínú ìpinnu náà níbi kankan. Ẹ̀gbọ́n bàbá kò lè jẹ́ ẹ̀kẹta. Pásítọ̀ tó ń wá olùkọ́ fún ilé ìwé ìjọ náà kò lè jẹ́ ẹ̀kẹta.

Ignatius ti Loyola, àlùfáà ará Spéìn tó kú ní 1556, fi ọgbọ́n tó ṣì wúlò sílẹ̀ fún ìgbà tí ènìyàn kò bá rí àmì kankan. Pín bébà sí mẹ́rin: èrè tó wà nínú gbígbà á, ewu gbígbà á, èrè àìgbà á, ewu àìgbà á. Kí o tún rò ó pé àjèjì kan tí o kò rí rí, tí o sì fẹ́ kó dára fún, ló mú ọ̀rọ̀ yìí wá. Kí ni wàá sọ fún un? Kí o wá rò ó pé ojú ikú lo wà. Èwo ni ìbá wù ọ́ kí o ti yàn? Ìkìlọ̀ rẹ̀ kan ju gbogbo rẹ̀ lọ lójú tèmi: má ṣe yí ìpinnu tí o ti ṣe padà ní àkókò tí ọkàn rẹ bá ṣókùnkùn. Ìdí nìyẹn tí ìpinnu tí wọ́n ṣe ní ọjọ́ kẹwàá ààwẹ̀, pẹ̀lú ebi àti àìsùn, fi ń nílò ọ̀sẹ̀ kan lẹ́yìn oúnjẹ kí wọ́n tó mú un lò.

Kó mú ọjọ́, kó má kọjá ọ̀sẹ̀ mẹ́ta. Tó bá dé ọjọ́ náà, kó yan ọ̀kan, kó fi Jákọ́bù 4:15 kún un, ‘bí Olúwa bá fẹ́’, kó sì fi ọdún kan gbáko ṣe é kó tó dá a lẹ́jọ́. Bí ó bá rí i pé ó yàn ní àṣìṣe, kó tún un yàn. Ọmọ ọdún 17 ni Jósẹ́fù nígbà tí wọ́n tà á, 30 ló jẹ́ nígbà tó dúró níwájú Fáráò. Nínú ọdún 13 yẹn, kò sí ibi tí Bíbélì ti sọ pé ó mọ ibi tí ọ̀rọ̀ ń lọ. Ìgbà tí àwọn arákùnrin rẹ̀ wá ra ọkà ló ṣẹ̀ṣẹ̀ ní Ọlọ́run ló rán òun ṣíwájú. Ẹ̀yìn ló ti kà á.

Wòlíì ńkọ́? 1 Kọ́ríńtì 14:29 ní kí méjì tàbí mẹ́ta sọ̀rọ̀, kí àwọn yòókù dán an wò. Nítorí náà ẹni tí wọ́n bá ríran sí ní ẹ̀tọ́ láti béèrè: ṣé ẹ lè tún un sọ níwájú pásítọ̀ àti òbí mi? Ṣé mo lè kọ ọ́ sílẹ̀ pẹ̀lú déètì? Ṣé owó wà nínú rẹ̀? Kí ló dé tó fi gbọ́dọ̀ jẹ́ lónìí? Èyí tó bá bínú sí ìbéèrè ti dáhùn.

Nínú Jeremáyà 42, Jóhánánì àti àwọn olórí ogun bẹ wòlíì náà pé kó bá àwọn béèrè ọ̀nà tó yẹ kí àwọn tọ̀, bẹ́ẹ̀ wọ́n ti ń gbèrò Íjíbítì tẹ́lẹ̀. Kò dá wọn lóhùn lójú ẹsẹ̀. Ọjọ́ 10 ló gbà kí ọ̀rọ̀ tó wá, ọ̀rọ̀ náà sì ni pé kí wọ́n jókòó sí ilẹ̀ tí wọ́n wà. Wọ́n ní irọ́ ló ń pa. Wọ́n lọ sí Íjíbítì, wọ́n sì mú Jeremáyà fúnra rẹ̀ dání.